Ìbéèrè Òǹkàwé Lórí Ìlera: Ẹ̀yà Ara Kékeré Tí Ó Jókòó Lórí Kíndìnrín

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yàn láti dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tí ó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ohun tí ó sì ń ṣe kálukú kò jọra, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara kan náà ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Adrenal ni àwọn dókítà ń pè é. Méjì ni ó wà lára ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sórí kíndìnrín bí fìlà, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju gíráàmù 4 sí 5 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe họ́mọ̀nù, ìyẹn àwọn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé kiri láti jíṣẹ́ fún ara. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń ṣe adrenaline, tí ó máa ń mú kí àyà wa lù kìkì nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Èèpo rẹ̀ ló ń ṣe cortisol, tí ó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ró nígbà tí ara bá wà nínú ìnira; òun náà ló ń ṣe aldosterone, tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ ara bá ìtọ̀ lọ, àti díẹ̀ lára èròjà tí ó jẹ mọ́ ti akọ. Ara lè gbé láìsí adrenaline tí ẹ̀yà yìí ń ṣe. Láìsí cortisol, kò lè pẹ́ tí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ti ń lo àwọn hóró funfun kéékèèké kan láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nítorí orúnkún tí ó ń dùn wọ́n. Kẹ́míìsì ni wọ́n ti ń rà á, inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Lóòótọ́, orúnkún náà rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ojú wọn wá rí róbótó, wọ́n sanra, àwọn ará àdúgbò sì ń sọ pé ayé ń yẹ wọ́n. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti òkè òkun, ó ní oògùn burúkú ni, ó sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ní ọjọ́ kẹrin, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọn kò lè dìde, wọ́n sì dákú ní balùwẹ̀. Wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wọn lára, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́ wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Ohun tí kò yé wa ni pé dókítà ní kí wọ́n padà sí irú oògùn kan náà, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ṣé oògùn tí ó fẹ́ pa wọ́n ni wọ́n tún ní kí wọ́n máa lò? Ọmọ Màmá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ sì kú ewu. Ohun tí dókítà yín sọ tọ̀nà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé àṣìṣe tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó fẹ́ràn òbí rẹ̀ máa ń ṣe. Oògùn yẹn ti ṣe màmá níbi láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá wọn wó ní ọjọ́ náà. Dídá a dúró lójijì ni.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí hóró náà jẹ́ prednisolone tàbí dexamethasone. Àwọn onímọ̀ ló ṣe àwọn oògùn méjèèjì kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bíi cortisol, wọ́n sì lágbára jù ú lọ: prednisolone 5mg tó hydrocortisone (ìyẹn cortisol gan-an tí wọ́n ṣe ní oògùn) 20mg, dexamethasone tí kò tó 1mg pàápàá sì tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí iye tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ lóòjọ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń gbé méjì tàbí mẹ́ta mì lójúmọ́ ti ń kó ẹrù ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lé ara rẹ̀ lórí ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Lára ẹni tí kò lo oògùn, ọpọlọ ló ń darí adrenal. Ẹ̀yà kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, tí à ń pè ní pituitary. Òun ló máa ń rán ìránṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ ACTH sínú ẹ̀jẹ̀ pé kí adrenal ṣe cortisol. Bí cortisol bá ti tó, ọpọlọ yóò mọ̀, yóò sì dín ìránṣẹ́ náà kù. Ní ọ̀gànjọ́ òru ni cortisol máa ń kéré jù lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí yóò fi ga jù ní àárọ̀ nígbà tí a bá jí, kí ara lè ní okun láti kojú ọjọ́. Nígbà tí màmá ń gbé hóró mì lójoojúmọ́, ọpọlọ rí i pé èròjà tí ó jọ cortisol ti kún inú ẹ̀jẹ̀, kò sì rán adrenal níṣẹ́ mọ́. Adrenal tí a kò rán níṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta yóò súnkì. Ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kì í dìde ní ọjọ́ kan kí ó máa sáré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni adrenal màmá ṣe rí ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín da oògùn nù. Oògùn kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, adrenal kò sì tíì lè ṣe tirẹ̀. Ìfúnpá já wálẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, èébì dé, màmá dákú. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé hydrocortisone ni, ló dá ohun tí ara ń wá padà fún un, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi jí pépé láàárín òru kan.

Ìdí nìyí tí wọn yóò fi máa lo oògùn náà, kí dókítà máa dín in kù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní fún oṣù púpọ̀, títí adrenal yóò fi jí. Kì í ṣe ojú ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti jí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, tí wọ́n máa ń gbà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn ọjọ́ náà, láti wo iye cortisol tí ara fúnra rẹ̀ ṣe. Ní gbogbo àkókò yìí, bí ibà bá mú màmá, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, àní kí wọ́n tó yọ eyín, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí pé ara tí ó wà nínú ìnira ń bèèrè cortisol púpọ̀ sí i, adrenal tí ó ń sùn kò sì lè pèsè rẹ̀. Bí wọ́n bá ń bì tí oògùn kò dúró ní inú, abẹ́rẹ́ nìkan ló kù. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní wàrà-n-ṣeṣà. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀ sí ìwé kan, kí ó máa wà nínú àpò màmá níbikíbi tí wọ́n bá ń lọ.

Ní ti ojú róbótó tí àwọn ará àdúgbò fi ń kí wọn kú oríire, ó máa ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀. Àmì cortisol àpọ̀jù nìyẹn, tí à ń pè ní àìsàn Cushing nítorí Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ikùn àti ẹ̀yìn ọrùn a máa tóbi, ẹsẹ̀ àti apá a máa tín-ínrín, awọ ara a máa fẹ́lẹ́ débi pé ìfọwọ́kàn díẹ̀ yóò dá ojú ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ a máa wọlé, egungun a sì máa rọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ìfúnpá màmá wò.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù àwọn oògùn yìí kọjá bí ó ti yẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí àrùn oríkèé kò jẹ́ kí ó lè rìn ní cortisone, ọ̀kan lára irú oògùn yìí, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó sì ń rìn. Ní ọdún 1950, òun, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n àrùn oríkèé tí obìnrin yẹn ní, èyí tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, yàtọ̀ sí orúnkún tí ó ti gbó nítorí ọjọ́ orí, tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ìyá wa. Fún irú orúnkún bẹ́ẹ̀, gbígbé hóró yìí mì lójoojúmọ́ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé kì í ṣe hóró nìkan ló ń mú adrenal sùn. Àwọn kan ń lọ hóró yìí mọ́ àgúnmu láìsọ fún ẹni tí ó ń rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara tí wọ́n fi ń bó ara tí clobetasol, oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol, wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó ń fi í pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún púpọ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú ipò màmá yìí gan-an. Òun náà kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà.

Ìbéèrè: Ọkùnrin ẹni ọdún 41 ni mí, mo ń ta aṣọ. Mo parí ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ oṣù mẹ́fà ní ọdún tó kọjá, wọ́n sì ní ó ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sanra padà. Mo ń dúdú sí i, àtẹ́lẹwọ́ mi àti èrìgì mi pàápàá dúdú, àpá ọgbẹ́ tí mo ní láìpẹ́ yìí sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá dìde dúró, òòyì á kọ́ mi. Ìyàwó mi sọ pé mo ń bu iyọ̀ lá bí ẹran ọ̀sìn. Àwọn ẹbí ní àwọn ọ̀tá ló ń ṣe mí. Òǹkàwé yín, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí ni kí ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì mú lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi yìí dání, nítorí pé gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í mọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí adrenal, kí ó sì jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀. Thomas Addison, dókítà ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní ọdún 1855, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sì ba adrenal púpọ̀ lára àwọn aláìsàn rẹ̀ jẹ́. Lónìí ní ilẹ̀ Yúróòpù, ara tí ń bá ara rẹ̀ jà ló máa ń fà á jù. Níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ti àtijọ́.

Iyọ̀ tí ẹ ń lá kì í ṣe wọ̀bìà. Adrenal tí kò lè ṣe aldosterone mọ́ ń jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ lọ, omi ara ń tẹ̀ lé e, ìfúnpá ń lọ sílẹ̀. Ara yín wá ń tọrọ ohun tí ó sọnù. Dúdú tí ẹ ń dúdú ní ìdí tirẹ̀. Ọpọlọ rí i pé cortisol kò sí, ó wá ń rán ACTH lé ACTH, inú èròjà kan náà tí ACTH ti ń jáde sì ni ìránṣẹ́ tí ó ń sọ fún awọ ara pé kí ó dúdú ti ń wá. Ènìyàn dúdú ni wá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni èrìgì rẹ̀ dúdú láti kékeré, nítorí náà kì í ṣe dúdú náà ni dókítà yóò wò bí kò ṣe pé ó jẹ́ tuntun, àti pé àpá ọgbẹ́ àti ìlà àtẹ́lẹwọ́ ló hàn sí jù. Wọn yóò yẹ iyọ̀ sodium àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, wọn yóò wo cortisol àárọ̀. Wọ́n sì lè fún yín ní abẹ́rẹ́ ẹ̀dà ACTH, kí wọ́n tún wo cortisol lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 sí 60 láti mọ̀ bóyá adrenal gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Bí ó bá jẹ́ òun, hydrocortisone ni ẹ ó máa lò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, èyí tí ó pọ̀ jù ní àárọ̀, pẹ̀lú fludrocortisone tí yóò ṣiṣẹ́ aldosterone. Níbi tí hydrocortisone bá ti ṣòro láti rí, dókítà lè lo prednisolone. Títí ayé ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já yín láyà: John F. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní àìsàn Addison, irú oògùn yìí ló sì ń lò títí tí ó fi di ààrẹ. Bí wọ́n bá sì tún rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára yín, ẹ rán dókítà létí pé rifampicin, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń mú kí cortisol tètè jó tán nínú ara, nítorí náà ìwọ̀n hydrocortisone gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀tá, mi ò ní bá àwọn ẹbí yín jà. Mo kàn ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gbé yín lọ síbikíbi.

Ìbéèrè: Ó ń rẹ̀ mí ní gbogbo ìgbà. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé adrenal mi ló ti rẹ̀ nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó, wọ́n sì ní kí n ra oògùn ìmáralókun kan. Ṣé kí n rà á? Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Iṣẹ́ kì í mú kí adrenal rẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí méjì ní São Paulo, ní Brazil, kó ìwádìí 58 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Díẹ̀ lára àwọn oògùn tí wọ́n ń tà fún un ni wọ́n ti bá họ́mọ̀nù nínú rẹ̀ láìkọ ọ́ sára ìgò, èyí tí ó lè mú adrenal tí kò ní àrùn sùn. Àárẹ̀ tí kò lọ ní ohun tí ó ń fà á: ẹ jẹ́ kí dókítà yín wo ẹ̀jẹ̀ yín bóyá kò tó, kí ó wo tairọ́ìdì, ṣúgà, oorun yín àti ìbànújẹ́ ọkàn. Bí ó bá jẹ́ pé orí fífọ́, òógùn àti àyà lílù máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì tún ń lọ, tí ìfúnpá yín ń ga lákòókò náà, ẹ sọ èyí fún un, nítorí kókó kan wà tí ó lè hù nínú adrenal tí ó máa ń da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ lè fi í hàn.

Ìbéèrè: Dókítà, mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọkùnrin ni mo kọ́kọ́ bí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò mu ọmú mọ́, ó sì kú. Ìyá ọkọ mi ní àbíkú ni. Mo ti bí èkejì, wọ́n ní ọkùnrin ni, a sì sọ ọ́ lórúkọ. Dókítà wá sọ pé abẹ́ rẹ̀ kò rí bí ó ti yẹ. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n rí ilé ọmọ. Wọ́n ní obìnrin ni àti pé adrenal ló fà á. Ṣé èmi ni mo ṣe ohun tí kò dára nínú oyún? Ṣé òun náà máa kú? Ṣé mo tún lè bí òmíràn? Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣe ohunkóhun tí ó fà á. Kò sí oúnjẹ, ìrìn òru tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú oyún tí ó lè fa èyí.

Láti ṣe cortisol, adrenal ní láti yí èròjà kan padà sí òmíràn ní ìpele-ìpele, bí ìgbà tí a bá ń sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí. Lára ọmọ yín, ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìpele kan kò sí tàbí kò tó. Cortisol kò jáde, aldosterone kò jáde. Ọpọlọ ń rán ACTH láìdáwọ́dúró, adrenal ń tóbi sí i, gbogbo èròjà tí kò rí ọ̀nà lọ síbi tí ó yẹ wá ń yà sí ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀, ìyẹn ọ̀nà èròjà akọ. Láti inú oyún ni èyí ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí abẹ́ ọmọbìnrin yín fi jọ ti ọkùnrin. Obìnrin pátápátá ni ní inú: ó ní ilé ọmọ, ó ní ibi tí ẹyin ti ń wá, ọ̀pọ̀ irú wọn tí a tọ́jú dáadáa sì ti dàgbà tí wọ́n bímọ.

Bí ó bá ń gba oògùn rẹ̀, kì yóò kú nítorí èyí. Hydrocortisone tí wọ́n lọ kúnná, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú fludrocortisone, àti iyọ̀ díẹ̀ tí dókítà wọ̀n tí ẹ ó máa pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ìwọ̀n hydrocortisone yóò pọ̀ sí i bí dókítà bá ṣe kọ́ yín. Bí ó bá ń bì, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní òru tàbí ní ọ̀sán. Ní ti abẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú gé ohunkóhun. Èyí tí ó kan ẹ̀mí ni oògùn. Iṣẹ́ abẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti àwọn dókítà tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò jókòó sọ, àwọn kan sì ń dúró kí ọmọ fúnra rẹ̀ dàgbà débi tí yóò lè sọ tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá lè má nílò ìyípadà, nítorí pé púpọ̀ nínú orúkọ Yorùbá ni ọkùnrin ń jẹ́ tí obìnrin sì ń jẹ́.

Mo ti ń ronú nípa ọmọkùnrin yín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín. Lára ọmọkùnrin, àìsàn yìí kì í hàn ní abẹ́. Wọn yóò bí i, yóò dára lójú, lẹ́yìn náà ni iyọ̀ ara rẹ̀ yóò máa bá ìtọ̀ lọ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ bá a mu, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà ọmọ yín. Ó ṣe mí bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ti sọ ní àbíkú nílẹ̀ yìí, iyọ̀ àti cortisol ló ṣaláìní. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún àìsàn yìí kí ó tó ṣe é. Ó wù mí kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún lè bí òmíràn. Bí ó ṣe rí nínú AS àti AS tí ẹ ti mọ̀ náà ló rí: ẹ̀yin àti ọkọ yín ń gbé e láìṣàìsàn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin pé ọmọ náà yóò ní in. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó lóyún. Bí ọmọ bá ti pé ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láyé, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò tí ó ń jẹ́ 17-hydroxyprogesterone, kí wọ́n má sì dúró de èsì bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n bá yín lọ, kí dókítà ṣàlàyé fún wọn lójúkojú. Bí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn ni wọn yóò wà pẹ̀lú ọmọ ní ilé nígbà tí àkókò oògùn ọ̀sán bá tó.